Ìyanṣẹ́lódì Kì Í Parí Lọ́jọ́ Tí Géètì Bá Ṣí

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń gbèrò pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò daṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá ní ilé iṣẹ́ kékeré tí oníròyìn kankan kò ní gbé kámẹ́rà lọ. Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwa àti àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ ike kan ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa, torí àwọn kan ṣì ń wá iṣẹ́ káàkiri. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: bí a bá ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ bóyá a jèrè ìjà náà tàbí a pàdánù. Ìyà ló fi yé wa. Nígbà tí mo wá jókòó ti ìtàn àwọn tó ti jà ṣáájú wa ní ilẹ̀ yìí, mo rí i pé ó ti yé wọn tipẹ́.

Owó oṣù ló kọ́kọ́ ń pẹ́. Nígbà tó yá, ìdajì ni wọ́n ń san. Ó wá di pé oṣù kan á ti fẹ́ parí kí a tó rí ti oṣù tó kọjá gbà. A fara dà á. Kọ́párétífù ló mú kí sùúrù tán. Wọ́n ń yọ owó kọ́párétífù lára owó oṣù wa, ó sì wà lórí ìwé owó oṣù kedere, àmọ́ owó náà kò dé ọ̀dọ̀ kọ́párétífù. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike lọ béèrè ẹ̀yáwó láti fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Akápò ṣí ìwé fún un. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ibi tó yẹ kí wọ́n kọ owó sí ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin náà yọ ìwé owó oṣù rẹ̀ lápò, ó tẹ́ ẹ síwájú akápò, ó sì fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n ti yọ owó náà. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ nínú àwọn méjèèjì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ti gbọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbikíbi tí owó ti ń fà sẹ́yìn, ẹ máa ya fọ́tò ìwé owó oṣù yín, kí ẹ fi pamọ́ sórí fóònù ju ẹyọ kan lọ. Ìwé yẹn ló gbà wá nílé ẹjọ́ nígbẹ̀yìn, nígbà tí ìwé ti ọ́fíìsì “sọnù”. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń rántí ni orin tí wọ́n kọ níwájú ààfin Aláké ní ìparí ọdún 1947 láti tako owó orí obìnrin, bí wọ́n ṣe sùn síbẹ̀, àti bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe léwájú wọn. Ìgboyà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà tún gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi dábàá ibòmíràn tí ìjọba ti lè rí owó dípò kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ obìnrin, títí kan àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Kò rọrùn láti pè wọ́n ní aláìmọ̀kan nígbà tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Ọba Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, owó orí obìnrin sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí tiwa. A kọ lẹ́tà. Èsì tí a ń rí ni pé kí a ní sùúrù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, èsì gan-an kò wá mọ́. A pe ìpàdé gbogboogbò, a sì dìbò, torí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2005 ní a kò gbọ́dọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ẹgbẹ́ bá dìbò fọwọ́ sí i. Ìbò náà kò nira rárá, inú ti ń bí gbogbo èèyàn. Ohun tí kò sẹ́ni tó kà sí ìpàdé létí ni abala 43 òfin aáwọ̀ iṣẹ́, tó sọ pé ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó fún àkókò tí kò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti borí, wọn á san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi tí ìbànújẹ́ ti kọ́kọ́ wọlé nìyẹn. Ẹ ka abala yẹn sókè ketekete fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n tó dìbò. Bí wọ́n bá sì tún nawọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́, ẹ óò mọ̀ pé wọ́n ṣe tán.

Lọ́jọ́ tí a dúró sẹ́nu géètì, ó dà bí ọdún. Àwọn obìnrin tó wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ẹrù gbé orin, a so ewé mọ́ géètì, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń fun fèrè fún wa. Bàbá àgbà kan ní àdúgbò náà rìn wá bá wa. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wá béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò máa bọ́ yín?”

Alága wa fèsì pé, “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, kò ní pẹ́ tí wọ́n fi máa pè wá.”

Bàbá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun tún fẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: ta ni yóò máa bọ́ yín? Bàbá tiwọn ṣiṣẹ́ ní yáàdì rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn títí tó fi kú kò ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó òṣìṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Wọ́n béèrè pé kí wọ́n fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà, kí owó ọ̀yà tó kéré jù lójúmọ́ sì jẹ́ ṣílè méjì àti sísì. Ìjọba kọ̀. Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí wọ́n ti fi sí àtìmọ́lé láti 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, àwọn èrò sì tú jáde lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tí oṣù náà yóò fi parí, reluwé ti dúró, tẹligíráàmù ti dákẹ́, òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ti ká ọwọ́ sílẹ̀. Ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet torí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn wọn. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Níbòmíràn, ó tó ọjọ́ 44. Ẹ ronú sí i: oṣù kan àti àbọ̀ láìsí owó, nígbà tí kò sí báńkì tí òṣìṣẹ́ lè yáwó.

Ohun tó gbé wọn dúró ni àwọn obìnrin ọjà. Alimotu Pelewura, aṣáájú àwọn obìnrin ọjà Èkó, ti ń bá ìjọba kan náà fa wàhálà lórí iye tí ìjọba ní kí wọ́n máa ta oúnjẹ. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin yìí dáwó sí owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, wọn kò sì fowó lé ọjà. Ọkùnrin la máa ń rí nínú fọ́tò ìyanṣẹ́lódì 1945. Ó ń dùn mí, torí láìsí ìkòkò ọbẹ̀ àwọn obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ náà ì bá má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àwa kò ní ìkòkò kankan. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, ọ̀dọ̀ olú ẹgbẹ́ lókè ló ń lọ, ìwọ̀nba tó kù lápò ẹ̀ka wa kò ra àpò ìrẹsì tó máa yí gbogbo wa ká. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kálukú ṣì ń jẹ ohun tó wà nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín lẹ́nu géètì. Ẹlòmíràn á ní ara òun kò yá, a ó sì gbọ́ pé ó ń ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. N kò dá a lẹ́bi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìyàwó ọ̀kan nínú wa ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó wá sí ìpàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sì ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan: “Nígbà tí ẹ̀yin bàbá ń dìbò, ta ló bi àwa tá à ń se oúnjẹ léèrè iye tó kù nínú garawa?” Gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní àwọn obìnrin ti sọ ọ́ láàrin ara wọn, pé bí a bá gbé owó tó wà lọ́wọ́ kálukú kalẹ̀, àwọn á máa dáná ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà ni ìkòkò ti dé ẹnu géètì. Àwọn tó ti ń sá bẹ̀rẹ̀ sí í padà, torí wọ́n lè mú ọmọ wọn wá jẹun láìsí ìtìjú.

Ohun mìíràn tí a rí nígbà náà wúlò gan-an: lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù. A fi ìwé tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ kọ ọ́, alága fọwọ́ sí i, a ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ tó ń gbé nílé yín kò tíì gba owó oṣù báyìí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a fara dà á di àkókò báyìí. A kọ irú rẹ̀ sí àwọn ilé ìwé ọmọ wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọn kò ní kó ẹrù òun síta lè dúró pẹ́. Ká ní a ti ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí owó ilé kálukú yóò pé, àti ilé tí aláìsàn tàbí aboyún wà, kí a tó bẹ̀rẹ̀, à bá ti mọ ẹni tó yẹ kí owó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù títí di òní: àwọn kásúà.

Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nílé iṣẹ́ wa, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwa tí a ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹnìkan ló ń kó wọn wá síṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó wọn ń gbà kọjá, òun náà á sì yọ tirẹ̀. Wọn kò sí nínú ẹgbẹ́, wọn kò ní kọ́párétífù, bí ẹ̀rọ bá gé wọn níka, ilé ni wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe. Nígbà tí a tì géètì iwájú, géètì ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà kó àwọn kásúà wọlé lóru, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tiwa bú wọn ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ dè wọ́n lọ́nà. Mo pe ọmọkùnrin kan lára wọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìpàdé tí ẹ ṣe, ṣé ẹ pè wá sí ẹyọ kan? Nínú ohun tí ẹ ń béèrè, èwo ni tiwa?”

N kò ní èsì, torí kò sí èsì. Ìwé tí a kọ ìbéèrè wa sí wà lápò mi nígbà náà, mo sì mọ̀ pé kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó kan ẹni tó ń gba owó ojúmọ́.

Mo máa ń rántí ọmọ yẹn nígbà tí mo bá ń ka ìtàn. Ní 1945, ṣílè méjì àti sísì tí wọ́n béèrè, owó ẹni tó kéré jù ni, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ru ẹrù ní rélùwéè àti akọ̀wé tó ń wọ táì fi lè jà lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964 náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá ńlá tó ti ń bá ara wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ìjà sílẹ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, wọ́n sì jọ daṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 750,000 èèyàn ló ká ọwọ́ kò. Ìjọba fún wọn ní wákàtí 48 pé kí wọ́n padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí ohun tó ti bọ́. Wọn kò padà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lé gbogbo wọn. Ọjọ́ 13 ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà láti jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àbájáde ìgbìmọ̀ Morgan tó yẹ owó ọ̀yà wò. Bí ẹni tó lè gba ipò yín bá wà níta ẹgbẹ́ yín, ẹnu géètì tí ẹ ń ṣọ́ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ìbẹ̀rù náà wá dé. Ọlọ́pàá wá, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ lódì kejì títì, ìbọn wà lórí itan wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ọ̀gá kan fẹ́ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa sì ti di òkúta mú. Obìnrin àgbàlagbà kan láti ẹ̀ka ìdiẹrù gbá a lọ́wọ́ mú, ó ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ òkúta náà jáde, ó jù ú sínú gọ́tà, kò sì sọ nǹkan kan. Ara mi ń gbọ̀n. Mo mọ ohun tí ìbọn ti ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley ní Ẹnúgù, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú tó ń jà fún owó wọn, èèyàn 21 ló kú. Ní ìlú tiwa níbí, ní Màpó, ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ tó wá sọ pé owó orí wọ àwọn lọ́rùn pàdé ìbọn. Òkúta kan ṣoṣo tó bá fọ́ gíláàsì lè di ẹ̀rí tí wọ́n ń wá.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mọ ọgbọ́n kan nípa èyí. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní pikiniki làwọn ń lọ ṣe, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn bí èèyàn ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá yin tajútajú. Ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Àwa pàápàá yan àwọn tó máa wọ aṣọ àwọ̀ kan náà, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa pẹ̀tù sọ́kàn èèyàn lọ, obìnrin la sì fi pọ̀ jù níbẹ̀.

Àhesọ náà ba nǹkan jẹ́ ju ọlọ́pàá lọ. Lórí WhatsApp, wọ́n ní alága ti gba àpò owó, wọ́n ní wọ́n rí mi nínú ọkọ̀ máníjà. Irọ́ pátápátá ni. Ohun tó pa á ni pé a ń ṣèpàdé ní àárọ̀ ojoojúmọ́ ní àkókò kan náà, ní gbangba, kò sì sí ẹni tó dá wọ ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ lọ. Ó kéré jù, èèyàn mẹ́ta ni, ẹnìkan nínú wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ olóyè ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá jáde, ẹni tí kì í ṣe olóyè yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó rẹ kálukú, lẹ́tà àwọn aláṣẹ dé. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, èmi ni mo kà á sókè. Ó ní wọ́n mọrírì sùúrù òṣìṣẹ́, wọ́n á san owó oṣù kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì “gbé àwọn ìbéèrè yòókù yẹ̀ wò ní kété tí iṣẹ́ bá padà bọ̀ sípò.” Àwọn olóyè tó wá láti òkè ní kí a dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Ariwo ayọ̀ sọ, wọ́n gbé alága sọ́rùn. Ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé kí ni lẹ́tà náà sọ nípa àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Orin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

A padà. Wọ́n san owó oṣù kan náà lóòótọ́. Kò pẹ́ tí lẹ́tà kúẹ̀rì, pé kí kálukú wí tẹnu rẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní iṣẹ́ kò pọ̀ tó mọ́, àwọn kan gbọ́dọ̀ lọ. Gbogbo orúkọ tó jáde jẹ́ ti ẹni tó di gbohùngbohùn mú lẹ́nu géètì rí, àti obìnrin tó gba òkúta yẹn. Ẹni tó béèrè ìbéèrè láti ẹ̀yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A fẹ́ tún daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n apá kò gbé e mọ́. Agbára tí èèyàn ní lẹ́nu géètì kì í padà wá bí wọ́n bá ti ṣí i.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nìyẹn, torí ó wà nínú ìtàn. Àwọn ará 1945 kò padà títí tí wọ́n fi rí ìlérí gbà pé wọn kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyanṣẹ́lódì, àti pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó, ó sì fọwọ́ sí ìdá 50 tí wọ́n béèrè, wọ́n sì ka owó náà láti oṣù kẹjọ ọdún 1945. Owó náà dára, ṣùgbọ́n ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní jìyà ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn ṣì wà láti gba owó náà.

Ọmọ ọmọ àgbẹ̀ ni mí lọ́nà Àkànrán, ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà àwọn àgbẹ̀ lórí owó orí, sì ni wọ́n fi tọ́ wa. “Òkè mẹ́fà là á san,” ìyẹn ṣílè 30, ni wọ́n kígbe títí tí ẹnu fi kan wọ́n. Ìbéèrè tí ọmọdé lè há sórí, tí arúgbó kò lè gbàgbé. Mo fi wé tiwa, tó kún ojú ìwé méjì tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wọn sẹ́wọ̀n Àgodi, àwọn àgbẹ̀ kò gbàgbé wọn síbẹ̀. Ní 1969 wọ́n já wọn jáde. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ já ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ̀mí tó sì lọ nínú ìjà yẹn, ní ìhà méjèèjì, pọ̀ jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n mú nítorí gbogbo wọn kò di ẹni ìgbàgbé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfá Adéoyè, aṣáájú Àgbẹ́kọ̀yà, sọ̀rọ̀, tí owó orí sì wá sílẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012. Ìjọba gbé epo láti ₦65 sí ₦141, gbogbo orílẹ̀-èdè tì pa fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn kún títì. Wọ́n wá gbé e sọ̀kalẹ̀ sí ₦97, àwọn olóyè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì dá a dúró. Mo mọ àwọn tí kò tún gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ náà, torí wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò ni, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àwọn tó dìbò wọlé sínú ìjà ló yẹ kó dìbò jáde.

A gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n lé lọ sílé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó pẹ́. Agbẹjọ́rò ní ká ní lẹ́tà ìpadàsẹ́nuṣẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ náà ì bá yá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìkòkò kò kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ń dá nǹkan jọ fún àwọn tó wà nílé. Ó rẹ̀ wá, a sì ṣe é.

Nígbà tí owó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà, a ti gbọ́n. A kọ́kọ́ pe àwọn kásúà sí ìpàdé, méjì nínú wọn sì jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó ń lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wà lára wọn. Ìbéèrè wa kò ju mẹ́ta lọ, gbogbo èèyàn ló sì há a sórí: owó oṣù kí oṣù tó parí, owó kọ́párétífù kó dé kọ́párétífù, ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún kásúà tó bá ti pẹ́. A ti ń tọ́jú owó oúnjẹ kí a tó tún daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà àwọn aláṣẹ dé, a kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo èèyàn, a sì dá a padà. Òmíràn dé, a tún dá a padà. Èyí tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ àti iye owó nínú, ó kọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó àwọn ọjọ́ tí a kò fi ṣiṣẹ́, ó dárúkọ àwọn tó máa máa ṣọ́ ọ bóyá wọ́n mú ìlérí ṣẹ, ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó dìbò wọlé sínú ìjà náà ló tún dìbò kí a tó ṣí géètì.

Owó kọ́párétífù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn kásúà ti gba ìwé, àwọn tó kù ṣì ń retí, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé àdéhùn. Nínú àwọn tí wọ́n lé lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́, obìnrin ẹ̀ka ìdiẹrù nìkan ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù gba owó díẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn gbà.